Kí ẹ tó ra pákó òkè àjà

Ilé Ìlú Ọba kì í láyè. Kúlà ńlá tí a fi ń gbé ìrẹsì lọ òde, ìkòkò ìdáná, báàgì Ghana-must-go tó ń retí ẹni tó máa lọ sílé ní Disẹ́ńbà, òkè àjà ni gbogbo wọn ń sùn. Bẹ́ẹ̀ òkè àjà ọ̀pọ̀ ilé kò ní ilẹ̀ tí a lè tẹ̀. Igi tó gbé àjà dúró ló wà níbẹ̀, òwú ìmóoru wà láàárín wọn, àjà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà lábẹ́ òwú. Ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, yàrá ìsàlẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Torí náà, kí ẹ tó dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ mú téèpù àti tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ gun òkè lọ wò ó.

1. Ẹ wọn ẹnu ihò tí ẹ máa gbà wọlé. Èmi kò wọ̀n ọ́n. Pákó ńlá, mìlímítà 2440 sí 1220, ni mo rà torí ó dínwó, kò sì gba ihò kọjá. Inú òjò ni mo ti fi ayùn gé e lẹ́yìnkùlé. Pákó kéékèèké wà tí wọ́n ṣe fún òkè àjà gan-an, mìlímítà 1220 sí 320, tí etí wọn ń wọnú ara wọn. Ìyẹn ni kí ẹ rà.

2. Ẹ wọn àlàfo igi, láti àárín igi kan dé àárín èkejì. Bó bá jẹ́ mìlímítà 400, pákó tó nípọn ní mìlímítà 18 tó o. Bó bá jẹ́ 600, bó ṣe máa ń rí nínú ilé tí kò tíì pẹ́, èmi á ra 22.

Ẹ tún wo igi náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́, tí òmíràn sì dábùú láti ara rẹ̀ lọ bá òrùlé bí W, kò lè gbé ẹrù wúwo. Nǹkan bíi kílò 25 lórí mítà kan níbùú lóròó ni wọ́n ṣírò fún irú àjà bẹ́ẹ̀. Báàgì kan tí a ń gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú, kílò 23 ni. Ẹ ti rí i pé báàgì kan ti gba mítà kan tán. Ẹ fi ìwé àti ọlọ ata sílẹ̀ nísàlẹ̀.

3. Ẹ má tẹ òwú mọ́lẹ̀. Mìlímítà 270 ni wọ́n ní kí òwú ga tó ní Ìlú Ọba, igi àjà kì í sì sábà ju 100 lọ. Bí pákó bá jókòó lórí igi, òwú á fún pọ̀, ooru á máa sá lọ, owó gáàsì á sì gùn òkè. Ẹsẹ̀ oníke tó ga ní mìlímítà 175 wà. Ẹ dè é mọ́ igi, kí pákó jókòó lé e.

4. Irú pákó wo? Chipboard, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ẹ̀rún igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, ló wọ́pọ̀, òun ló sì dínwó jù. Ṣùgbọ́n èyí tí kò lè kojú omi máa ń wú bí búrẹ́dì nínú tíì, òtútù àti ooru ọbẹ̀ tó ń gòkè sì máa ń mú kí òkè àjà rin. Ẹ bèèrè fún P5, irú chipboard tó lè kojú ọ̀rinrin, tó sábà máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀. OSB3, pákó tí wọ́n fi pẹlẹbẹ igi tẹ̀ pọ̀, tí òun náà lè kojú ọ̀rinrin, náà dára. Pláíwúùdù lágbára jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n kúlà kò nílò irú ìnáwó bẹ́ẹ̀.

5. Ẹ tẹ́ pákó dábùú igi, kí oríkèé wọn má ṣe wà lójú kan náà. Sikúrù ni kí ẹ fi dè é: bí ẹ bá ń kan ìṣó, àjà ìsàlẹ̀ lè sán. Ẹ má tẹ́ ẹ dé etí òrùlé, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ènìyàn máa sùn níbẹ̀, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, ẹ kọ́kọ́ lọ bá káńsù.

Kí ẹ tó bo ojú wáyà iná, ẹ fi bírò ńlá fa ibi tó gbà kọjá sórí pákó. Ẹni tó bá fẹ́ lu ihò síbẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sí i á rí i.