Bí Mo Ṣe Ra Audi R8 Onísítíárìn Òsì ní Jámánì, Tí Mo sì Gbé E Wọ Ìlú Ọba

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà: sítíárìn lápá òsì, ọwọ́ ọ̀tún lórí jíà. Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún títì láti oṣù kẹrin ọdún 1972. Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ ra ọkọ̀ asáré ní Lọ́ńdọ̀nù, sítíárìn òsì kò dẹ́rù bà mí. Àwọn ará ibí, tó ń wakọ̀ lápá òsì títì, ni kì í fẹ́ ẹ, ìyẹn sì máa ń jẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Audi R8 ọdún 2009 ni mo fojú sí, ẹ́ńjìnnì V8 onílítà 4.2, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀. Neckarsulm ní Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, mo sì rí àṣàyàn tó pọ̀ lọ́hùn-ún.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ wá èyí tó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ayọ́kẹ́lẹ́ tó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kò nílò àyẹ̀wò ìfọwọ́sí tí wọ́n máa ń ṣe fún ọkọ̀ tuntun kí wọ́n tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí, wàhálà ńlá nìyẹn sì dínkù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọ́tò ra ọkọ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Stuttgart ló bá mi lọ. Alumíníọ̀mù ni ara R8, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí ọ̀dà ara ọkọ̀ onírin ṣe nípọn tó kò lè kà á. Èyí tó ń ka alumíníọ̀mù ni ẹ̀gbọ́n mú dání. Ó ń gbé e lé ara ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: 120, 115, 125. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó di 310. Ó tún un gbé, 305.

"Àbúrò, wọ́n ti tún ilẹ̀kùn yìí kùn. Má tíì dá wọn lóhùn lórí owó, jẹ́ kí n wo abẹ́ rẹ̀ ná."

Abẹ́ rẹ̀ mọ́, kò sí ibi tí wọ́n ti fi iná jó o pọ̀. Ilẹ̀kùn yẹn la fi já owó lulẹ̀. A ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má tan ẹ́ńjìnnì kí a tó dé, torí ìgbà tó bá tutù ni ariwo ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì máa ń hàn. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti mú gbóná sílẹ̀ lè fi àbùkù pamọ́.

Ibi tí owó gan-an wà ni VAT, ìyẹn owó orí ọjà. Tí olùtajà ní Jámánì bá kọ VAT 19% sórí rìsíìtì gbangba, ó lè yọ ọ́ fún ẹni tó ń gbé ọkọ̀ jáde kúrò ní EU, bí ẹ̀rí ìjáde bá ti dé ọwọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọwọ́ aládàáni ló ti rà á, kò sí ohun tí yóò yọ fún yín, ẹ ó sì tún san tibí lé e. Ilé iṣẹ́ kan ló ni tèmi tẹ́lẹ̀, nítorí náà a rí i yọ.

Ní Ìlú Ọba, owó aṣọ́bodè jẹ́ 10%, àyàfi tí olùtajà bá fún yín ní ìwé ẹ̀rí pé EU ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà. VAT 20% yóò wá gun orí gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ọkọ̀ pẹ̀lú owó ìkẹ́rù jẹ́ £30,000: aṣọ́bodè gba £3,000, VAT gba £6,600, ó di £39,600. Ẹ ṣírò èyí kí ẹ tó fowó sílẹ̀. Mo rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó jẹ́ pé iye tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń wò, ó sì ń dùn mí.

Ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n bò ló gbé e wá. Lẹ́yìn tó dé, ọjọ́ 14 péré lẹ ní láti fi tó HMRC, àwọn agbowó orí ìjọba, létí nípasẹ̀ NOVA, ètò tí wọ́n fi ń kéde ọkọ̀ tó wọlé. Bí wọn kò bá tíì rí ìyẹn, DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kò ní forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ká tó lọ fún MOT, àyẹ̀wò bóyá ọkọ̀ yẹ fún títì, iná ló gba àkókò wa jù. Iná ọkọ̀ onísítíárìn òsì máa ń tàn sápá ọ̀tún, ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú ló sì ń lọ tààrà. Iná pupa ìgbà kùrukùru tó wà lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ wà láàárín tàbí lápá ọ̀tún. A tún un ṣe, a sì pààrọ̀ ojú aago eré láti kìlómítà sí máìlì. Lẹ́yìn náà ni mo kún fọ́ọ̀mù V55/5, mo fi £55 ìforúkọsílẹ̀ àti owó títì sí i, pẹ̀lú ojúlówó ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ náà méjèèjì láti Jámánì. Ẹ ya fọ́tò wọn pamọ́ kí ẹ tó fi wọ́n ránṣẹ́. Ìnṣọ́ránsì tiẹ̀ ṣeé fi nọ́ńbà ṣásí gbà kí nọ́ńbà ọkọ̀ tó jáde, àmọ́ ẹ bá àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀, torí àwọn kan kò ní gba sítíárìn òsì rárá.

Lójú títì, ohun kan ṣoṣo tí mo ń kíyè sí ni kíkọjá ọkọ̀ akẹ́rù tó wà níwájú mi. Mo máa ń fà sẹ́yìn dáadáa, torí mi ò lè rí iwájú láti apá ọ̀tún rẹ̀ bí mo bá sún mọ́ ọn. Ní ibùdókọ̀ olówó, ìyàwó mi, tó jókòó lápá ọ̀tún níbi tí ẹ̀rọ wà, ló ń na ọwọ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ìyàwó mi ò bá sí nínú ọkọ̀, mo máa ń bọ́ sílẹ̀ lọ gbà á.