Agave, yucca, sotol àbí nolina? Etí ewé ni kí ẹ wò

Lókèèrè, ojú kan náà ni gbogbo ewéko mẹ́rin yìí ní aṣálẹ̀ Chihuahua, láti ìwọ̀-oòrùn Texas wọ àríwá Mẹ́síkò: ewé gígùn bí idà tó pagbo, ọ̀pá òdòdó láàárín. Ẹ má dúró de òdòdó, ọ̀pọ̀ oṣù ni kò fi ní sí níbẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ wo etí ewé, ṣóńṣó rẹ̀ àti ìdí rẹ̀.

Ewé agave ki, omi kún inú rẹ̀ bíi ti ewé etí erin (aloe vera). Ẹ̀gún líle wà ní ṣóńṣó rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ní eyín létí. Eyín lechuguilla, irú agave kan, tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ẹ má fi ọwọ́ lásán ṣẹ́ ewé agave o: oje rẹ̀ máa ń ta lára, ó sì máa ń mú ara yún ni.

Yucca náà ní abẹ́rẹ́ ní ṣóńṣó, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wá. Ṣùgbọ́n ewé tirẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti agave lọ, kò sì ní eyín bí ìwọ̀. Etí ewé Yucca elata máa ń bó, á di fọ́nrán funfun tó ká kò. Kì í ṣe gbogbo yucca ló ní fọ́nrán yìí: Yucca brevifolia ti aṣálẹ̀ Mojave ní eyín wẹ́wẹ́ tí ọwọ́ máa ń mọ̀ kí ojú tó rí i. Ẹ wo ọ̀pá òdòdó gbígbẹ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ agave, bó bá ti yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kan, ó parí, ọmọ rẹ̀ ni yóò rọ́pò bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Yucca ò kú, yóò tún yọ òmíràn.

Sotol (Dasylirion ni orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀) ní eyín mímú létí, àmọ́ kò ní ẹ̀gún ní ṣóńṣó. Ibẹ̀ gbẹ, ó fọ́n bí ẹnu ìgbálẹ̀. Ẹ fa ewé gbígbẹ kan yọ: ìdí rẹ̀ fẹ̀ bí ṣíbí. Eyín Dasylirion wheeleri kọjú sí ṣóńṣó, ti Dasylirion leiophyllum sì kọjú sí ìdí. Ẹ fi bírò fà á létí láti ìdí lọ sí ṣóńṣó: bó bá ń há, leiophyllum ni.

Nolina ló jọ koríko jù. Ewé Nolina texana ò ju mílímítà 2 sí 5 lọ ní fífẹ̀, ọ̀pá òdòdó rẹ̀ kì í yọrí láàárín ewé. Ti Nolina microcarpa máa ń yọ sókè gedegbe. Yucca elata tó ṣì kéré máa ń jọ nolina gan-an. Ẹ tẹ ṣóńṣó ewé náà díẹ̀: bó bá gún yín, yucca ni.