Ìṣẹ́pẹ́ Igi fún Ọ̀ṣọ́ Ọgbà: Ẹ Má Ṣe Rì Í Mọ́lẹ̀

A kọ ìwé kékeré yìí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé kan tí mo máa ń bẹ̀ wò, ní àkókò òjò tó kọjá. Ìyá onílé fi ìṣẹ́pẹ́ igi ṣe àtẹ̀gùn kékeré fún ìtàkùn òdòdó, ó ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi orí rẹ̀ ti ògiri yàrá tí wọ́n ń kó àgbàdo sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Iṣẹ́ náà dára lójú, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń yìn ín. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, ikán ti gba inú igi náà gòkè, wọ́n ti jẹ férémù fèrèsé, wọ́n sì ti bọ́ sínú àpò àgbàdo mẹ́ta tó wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò tẹ férémù náà, ó rì wọlé bí ìgbà tí ènìyàn tẹ búrẹ́dì. Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún nìkan ló kù tó jọ igi.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn onílé sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ yìí, àṣìṣe kan náà ni mo sì ń bá láti agbo ilé dé agbo ilé. A ó ṣa igi, a ó so ó dáadáa, a ó kùn ún ní ọ̀dà tó wuyì, lẹ́yìn náà a ó gbé e gún ilẹ̀ bí ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó wọ̀ yín létí lọ́tẹ̀ yìí: igi gbígbẹ kankan kò gbọdọ̀ kan erùpẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fara ti ògiri ilé. Ìsàlẹ̀ igi gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 15 ga ju ilẹ̀ lọ, àyè tó wà láàárín òun àti ògiri kò sì gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 30. Inú ilẹ̀ tó ní ọ̀rinrin ni ikán ti ń wá, inú òkùnkùn ló sì ń rìn. Igi tí a rì mọ́lẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tó bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, ojú wa kò ní í tó o títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Bí igi bá dúró lórí búlọ́ọ̀kù, ikán ṣì lè gòkè, ṣùgbọ́n ó di dandan kó fi ẹrẹ̀ mọ ọ̀nà sí ìta, níbi tí ẹ ti lè rí i kí ẹ sì ha á dànù.

Àwọn kan á ní dóńgóyárò korò, pé ikán kò ní í jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn á ní tíìkì le. Ọkàn igi tíìkì tó ti dàgbà ló le. Ìṣẹ́pẹ́ tó nípọn bí ìka ọwọ́ kò tíì ní ọkàn igi tó tó nǹkan, ara igi funfun ni gbogbo rẹ̀, oúnjẹ ikán sì ni. Ẹ má ṣe fi ilé yín dán an wò. Bákan náà, ẹ má ṣe fi ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì yọ lára ọkọ̀ pa ẹsẹ̀ igi nítòsí ẹ̀fọ́, nítorí pé òjò yóò fọ̀ ọ́ lọ sí ìdí ohun tí ẹ óò jẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ ri igi mọ́lẹ̀ dandan, kí ó lo igi tó lè hù: ìyeyè, lápálápá, akòko tàbí agúnmániyè. Kí ó gé e ní tútù ní ìwọ̀n mítà 1, kí ó ri sẹ̀ǹtímítà 20 rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí ó sì jẹ́ kí ó ta gbòǹgbò. Igi alààyè nìyẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti igi tó ti kú.

Ní ti ṣíṣa igi, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, ló máa ń já ẹ̀ka jù. Ẹ ṣa á kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, nítorí pé èyí tó bá pẹ́ nílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ti di ti ikán kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ fi ọ̀pá tàbí ọkọ́ yí òkìtì igi padà kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án. Abẹ́ rẹ̀ ni àkeekèé àti paramọ́lẹ̀ fẹ́ràn láti sá pamọ́ sí, a kì í sì í rán ọmọdé níṣẹ́ ibẹ̀. Mángòrò, gúáfà, mẹlínà àti dóńgóyárò dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ fi kajú sílẹ̀, nítorí pé oje rẹ̀ máa ń bó àwọn kan lára, kí ẹ sì jìnnà sí igi oró, èyí tí oje rẹ̀ funfun bí wàrà tó sì lè fọ́ni lójú. Ẹ má ṣe ṣa igi nínú igbó òrìṣà. Ní Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005, èèwọ̀ ni gígé igi, ẹni tó bá sì mọ ìyì ibẹ̀ kò ní í ru èyí tó já pàápàá lọ sílé.

Ẹ bó èèpo igi kúrò, nítorí pé abẹ́ èèpo ni ìdin kòkòrò ajẹgi máa ń wà. Ẹ dì í ní ogún-ogún, kí ẹ tò ó sórí páànù tàbí búlọ́ọ̀kù níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tí òjò kò sì dé, fún ọ̀sẹ̀ 3 ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí ọ̀sẹ̀ 6 ní ìgbà òjò. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n, ẹ wọn ìdì kan lójoojúmọ́; nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá yí padà mọ́ fún ọjọ́ 3, ó ti gbẹ. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lè gbá méjì mọ́ ara wọn: igi tó gbẹ máa ń dún kó-kó, èyí tó ṣì ní omi nínú máa ń dún pọ̀-pọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbọn ìdì kọ̀ọ̀kan sórí bébà. Bí ìyẹ̀fun bíi ti gààrí kíkúnná bá dà sílẹ̀, kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ẹ ri í sínú omi híhó nínú garawa, kí ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ dé e, kí ó sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Òfin àgbáyé lórí igi tí wọ́n fi ń di ẹrù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn béèrè ìgbóná 56 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì dé inú igi fún ìṣẹ́jú 30, nítorí náà ẹ má ṣe dín ìṣẹ́jú yìí kù pé ọwọ́ ń kán yín. Kí ẹ tún sá a fún ọjọ́ 5.

Ọ̀ṣọ́ tó rọrùn jù ni òṣùká igi, obìnrin tó bá sì ti ká aṣọ ṣe òṣùká rí kò nílò olùkọ́ púpọ̀. Ẹ mú ìṣẹ́pẹ́ 12 tí kò nípọn ju gègé bírò lọ, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120. Ẹ ri wọ́n sínú omi híhó kí wọ́n lè rọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ ní kòkòrò. Nígbà tí wọ́n bá ṣì gbóná láti inú omi, tí wọ́n sì rọ̀, ẹ ká mẹ́ta po di òbìrípo tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ so ó. Ẹ wé mẹ́sàn-án tó kù mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìdí ọ̀kan máa bẹ̀rẹ̀ níbi tí orí èkejì parí sí, kí ó má baà wú síbì kan. Ẹ fi rọ́bà tíúbù táyà dì í ní ojú mẹ́rin fún ọjọ́ 4, lẹ́yìn náà kí ẹ tú rọ́bà, kí ẹ sì fi ìko so ó. Ẹ ki gbogbo ẹnu igi bọ inú òṣùká náà. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ibi tí ẹ óò gbé e kọ́ sì lè jẹ́ ibi tó ga tó ojú ọmọdé.

Fún ìkòkò òdòdó, ẹ fọ ike ọ̀dà lítà 4, kí ẹ lu ihò 5 sí ìdí rẹ̀. Ẹ na rọ́bà méjì yí i ká, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ẹ máa ki ìṣẹ́pẹ́ bọ abẹ́ rọ́bà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́pẹ́ 55 tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1, tí gígùn rẹ̀ kò ju ike lọ, yóò yí i ká. Ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ dì í lórí rọ́bà, kí ẹ kun fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú wákàtí 24 láàárín. Orí búlọ́ọ̀kù ni ẹ óò gbé ike náà lé, kì í ṣe orí erùpẹ̀.

Àtẹ̀gùn ìtàkùn ni wọ́n ti máa ń ṣe àṣìṣe jù. Ẹ gé ẹsẹ̀ méjì ní mítà 1.2, àti ọ̀pá ìdábùú 5 ní sẹ̀ǹtímítà 50, kí ẹ so wọ́n pẹ̀lú àlàfo sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ wá búlọ́ọ̀kù oníhò ínṣì 6 méjì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ po kóńgò sìmẹ́ńtì 1 mọ́ kóńgò iyanrìn 4. Ẹ kọ́kọ́ da á sí ihò kan nínú búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pa. Lórí rẹ̀ ni ẹ óò gbé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn lé, kí ẹ tó fi èyí tó kù dí àyè tó yí i ká. Ẹ jẹ́ kí ojú sìmẹ́ńtì dà gẹ̀rẹ́, kí omi òjò má baà dúró síbẹ̀. Ẹ má fi ìtàkùn gùn ún kí ọjọ́ 7 tó pé. Àwọn tó ń fi ìṣẹ́pẹ́ yí ẹsẹ̀ ebè òdòdó ká ń ṣe ohun kan náà ní kékeré: ẹ to àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ ní méjì-méjì lórí ara wọn, kí ẹ tó gbé igi lé e.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo ara búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan yíká, pàápàá ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kì í dé. Bí ẹ bá rí ọ̀nà ẹrẹ̀, ẹ ha á kúrò, kí ẹ sì padà wò ó ní ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá ti tún un mọ, ẹ gbé igi náà lọ sí ibi ìdáná lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò tẹ férémù ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, láti ìsàlẹ̀ dé òkè.