Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ àwọn eléèébú inú géèmù

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi gbádùn Call of Duty: Mobile, géèmù ìbọn orí fóònù, mọ́. Nínú oríṣi eré tó wà nínú rẹ̀, Search and Destroy ni mo fẹ́ràn jù: ènìyàn 5 dojú kọ ènìyàn 5, tí wọ́n bá sì ti pa ọ́, o ò ní jí títí ìpele yẹn á fi parí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti kú kò níṣẹ́ méjì ju kó máa wò ọ́, kó sì máa bú ọ lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Mọ́kọ́lá, ẹnìkan nínú ikọ̀ wa bú ìyá mi. Kí ló kan ìyá mi tó ń ta gààrí ní Bódìjà nínú ìbọn inú fóònù? Mo dá a lóhùn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àṣé ọ̀tá ti yọ lẹ́yìn mi. A pàdánù. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé o mọ̀ pé o lè tẹ mute fún un, kí o má gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́?"

Ní báyìí, èébú àkọ́kọ́ tó bá ti jáde, mo ti pa ohùn onítọ̀hún. Tirẹ̀ nìkan o, torí ẹni tó ń sọ ibi tí ọ̀tá wà wúlò fún mi. Mi ò fèsì rárá. Bí eré bá parí, mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn nínú géèmù náà. Tí a bá pàdánù lẹ́ẹ̀mejì léraléra, mo gbé fóònù kalẹ̀, mo jáde lọ ra dùǹdú.

Lánàá, ó ku èmi nìkan sí àwọn mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn ketekete.