Bí Mo Ṣe Ka Iṣẹ́ Paul Erdős Lórí Gráàfù àti Ìtọ́kasí Tó Ní

Ìbéèrè méjì ni iṣẹ́ yìí ń dáhùn: àpilẹ̀kọ mélòó ni onímọ̀ ìṣirò kan kọ, ìgbà mélòó sì ni àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí wọn? Paul Erdős ni mo mú, ọmọ Budapest tí wọ́n bí ní 1913, tó kú ní Warsaw ní 1996. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó bíi 1,500, àwọn tó bá a kọ̀wé sì lé ní 500. Kò sí ìṣòro kan nínú irú iṣẹ́ yìí tí kò sí lára tirẹ̀.

Orúkọ ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. Ìlà kékeré méjì ló wà lórí o inú Erdős. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ fi àmì àwọn ará Jámánì rọ́pò rẹ̀, wọ́n kọ Erdös; ẹ̀rọ mìíràn ju àmì nù pátápátá, ó di Erdos. Àwa tí à ń kọ ẹ àti ọ mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún orúkọ èèyàn. Mo fi ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá a, pẹ̀lú Paul, Pál àti P. nìkan. P. nìkan léwu: Péter L. Erdős wà, ọmọ Hungary lòun náà, gráàfù (ìyẹn àwọn kókó tí ìlà so pọ̀) lòun náà ń ṣe. Ọdún àti orúkọ àwọn alábàákọ ni mo fi yà wọ́n. Ẹ má kàn pa gbogbo ohun tó jáde lẹ́yìn 1996 rẹ́ o, nítorí àwọn alábàákọ rẹ̀ ṣì ń tẹ iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Orí zbMATH Open, ibi tí wọ́n ń kó àkójọ àpilẹ̀kọ ìṣirò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo ti kó àkójọ náà, torí ọ̀fẹ́ ni láti 2021. MathSciNet, irú rẹ̀ mìíràn tí ilé ẹ̀kọ́ ń sanwó fún, ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú Excel, mo ṣí òpó fún ọdún, àkọlé, ìwé ìròyìn, nọ́ńbà ìdìpọ̀, ojú ìwé àkọ́kọ́, alábàákọ, àmì ẹ̀ka àti ìtọ́kasí. Ìdìpọ̀ àti ojú ìwé àkọ́kọ́ ló ń tú àṣírí ẹ̀dà méjì, torí àkọlé lè yí láti èdè kan sí òmíràn, àmọ́ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn kì í yí.

Nínú àwọn àmì tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ ìṣirò sí ẹ̀ka, ti gráàfù ni 05C; 05C80 sì ni ti gráàfù tí a so bí ẹni ta tẹ́tẹ́. Bí ẹ bá fi 05C nìkan sẹ́ àkójọ, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àtijọ́ yóò jò dànù, torí wọn ò ní àmì náà. Ojú ni mo fi ka àkọlé gbogbo ohun tó ṣáájú 1970.

Ìtọ́kasí wá kàn. Google Scholar ń ka ìwé àṣekágbá àti iṣẹ́ àwọn onífísíìsì mọ́ ọn. ZbMATH kì í kà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà orísun kan ṣoṣo ni mo lò fún òpó kan, mo sì kọ ọjọ́ tí mo kà á sí orí rẹ̀.

Ẹ̀dà tí a kò pa pọ̀ máa ń ba h-index jẹ́, ìyẹn òṣùwọ̀n tí Jorge Hirsch gbé jáde ní 2005: h ni iye tó pọ̀ jù tí èèyàn fi ní àpilẹ̀kọ h tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìtọ́kasí h, ó kéré tán. Ká ní ìtọ́kasí jẹ́ 40, 22, 9, 5, 4, 3: mẹ́rin ni h, torí ìkarùn-ún kò tó 5. Bí 4 àti 3 bá jẹ́ àpilẹ̀kọ kan náà tó pín sí méjì, wọ́n á di 7, h á sì di márùn-ún.

Ibi tó gba àkókò mi jù ni iṣẹ́ Erdős àti Alfréd Rényi, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Hungary bíi tirẹ̀. “On Random Graphs I” jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣirò ìlú Debrecen ní Hungary ní 1959, ìdìpọ̀ 6, ojú ìwé 290. Ó fi hàn pé bí kókó bá jẹ́ n, ìgbà tí ìlà bá tó nǹkan bí ìdajì n log n ni gbogbo wọn ń so di ọ̀kan. “On the Evolution of Random Graphs” tẹ̀ lé e ní 1960, ìdìpọ̀ 5, ojú ìwé 17, nínú ìwé ìròyìn mìíràn: bí ìlà bá kọjá n/2, agbo ńlá kan á yọ láàárín àwọn kéékèèké. Àwọn èèyàn máa ń fi àkọlé ti àkọ́kọ́ sórí ojú ìwé ti èkejì, ẹ̀rọ á sì sọ ọ́ di ìwé kẹta. Ọwọ́ ni mo fi pín wọn.

Púpọ̀ nínú ìtọ́kasí náà dé lẹ́yìn tí Watts àti Strogatz (1998) àti Barabási àti Albert (1999) mú àwọn onífísíìsì wọ inú ọ̀rọ̀ gráàfù. Ó sì dùn mí pé irú èyí tí púpọ̀ wọn ń lò, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń dá yọjú pẹ̀lú ìṣeéṣe p, iṣẹ́ E. N. Gilbert ní 1959 ni. Ti Erdős àti Rényi, iye ìlà ló dúró sójú kan.

Òpó tí mo fi kún un kẹ́yìn ni ti iṣẹ́ tí wọ́n ń lò láì tọ́ka sí i. Àpilẹ̀kọ olójú ìwé mẹ́ta ti 1947, “Some Remarks on the Theory of Graphs”, ló wà lókè níbẹ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ tó jáde lẹ́yìn ni àwọn tó ń lo ọ̀nà rẹ̀ lónìí, ìyẹn fífi ìṣeéṣe fi hàn pé irú gráàfù kan wà, máa ń tọ́ka sí, nítorí náà mo kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ láì fi iye kankan sí i.