Ìgò ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n

Lébẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tí mo lẹ̀ mọ́ ìgò zóbò mi rẹwà débi pé mo fi han gbogbo àdúgbò. Mo kó ìgò sínú kúlà, ó di Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta. Kí n tó dé ìdí ọkọ̀, omi yìnyín ti bó gbogbo rẹ̀, ìwé ń léfòó bí ewé. Oníbàárà kan fa ìgò yọ, ọwọ́ ẹ̀ pọ́n bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa adìẹ.

Ní báyìí, kí n tó lọ bá ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ya á fún mi ní Pánṣẹ́kẹ́, òwú ìránṣọ ni mo máa ń mú. Mo á fi yí ibi tí ìgò ti tẹ́jú ká, mo á wá na òwú náà lé rúlà. Ìgò 50cl tèmi lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20. Mo fi sẹ̀ǹtímítà kan kún un kí etí kan lè gun èkejì. Ẹ má jẹ́ kó ga dé èjìká ìgò, yóò hun jọ ni. Ẹ sọ fún ọmọ náà kó jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀yìn fi mílímítà 3 kọjá ojú ibi tí wọ́n máa gé, torí ọ̀bẹ agéwèé kì í fìgbà gbogbo lọ tààrà.

Ọ̀rọ̀ ló kàn, kì í ṣe òdòdó. Gẹ̀ẹ́sì ni NAFDAC fẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ fi Yorùbá kún un, kò burú. Orúkọ ohun mímu, ìwọ̀n rẹ̀ ní cl tàbí ml, àwọn èròjà, orúkọ àti àdírẹ́sì ibi tí ẹ ti ń ṣe é gan-an, bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ẹ̀, batch number (nọ́ńbà ìsè kọ̀ọ̀kan), ọjọ́ tí ẹ ṣe é, ọjọ́ tí kò ní dára mọ́, àti nọ́ńbà NAFDAC.

Èròjà ni mo ti ṣìṣe jù. Èyí tó wúwo jù ló ń ṣáájú. Zóbò ni mo kọ síwájú, torí òun ni mò ń tà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní FUNAAB bú sẹ́rìn-ín: "Àǹtí, omi lẹ̀ ń tà o." A gbé gbogbo ẹ̀ lé ìwọ̀n: omi, ọ̀pẹ òyìnbó, ṣúgà, zóbò, atalẹ̀, kànáfùrù. Ṣúgà ṣe ipò kẹta! Ojú tì mí, mo dín in kù.

Wọ́n á ní kí ẹ kọ ọ́ pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má dán an wò. Ohun mímu lẹ̀ ń tà, kì í ṣe àgbo.

Lébẹ́ẹ̀lì tí ẹ yà wà lára ohun tí ẹ máa fi sílẹ̀ fún NAFDAC kí nọ́ńbà tó jáde, nítorí náà ẹ má tẹ ẹgbẹ̀rún kan sílẹ̀. Nọ́ńbà kì í sì í ṣe ohun tí à ń yá lọ́wọ́ aládùúgbò. Ọjọ́ pẹ̀lú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, torí ìsè kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Ẹ fi àyè funfun sílẹ̀ tí ẹ máa lu òǹtẹ̀ sí.

Zóbò dúdú nínú ìgò. Lẹ́tà pupa á rì síbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ wọ ilé ìtajà ńlá, GS1 Nigeria ló ń fúnni ní barcode tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 615. Dúdú lórí funfun ni kí ẹ fi ṣe é: iná pupa ni ẹ̀rọ fi ń kà á, kò ní rí ìlà pupa.

Ẹ tẹ ẹyọ kan, kí ẹlòmíì kà á. Ìlú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859 ni tiwa, síbẹ̀ "Abeokuat" ló wà lára tèmi.

Ẹ béèrè SAV, sítíkà tó dà bíi náílọ́ọ̀nù. Ẹ lẹ ẹyọ kan mọ́ ìgò, ẹ rì í sínú omi yìnyín di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá fi àtàńpàkò ra á dáadáa, àti ibi òǹtẹ̀. Tí kò bá ṣí, tí kò sì parẹ́, ẹ sanwó ìyókù.