Bí Mo Ṣe Rí Àkọsílẹ̀ Owó Ìwé Kíkà Gbà Lọ́wọ́ Ìjọba, àti Ohun Tí Ó Ná Mi

Owó ọkọ̀ ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí yóò bá mi tẹ ohùn àwọn olùkọ́ sórí ìwé, ọ̀nà káńsù ló jẹ ẹ́ tán. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹni tó ń wọkọ̀ lójoojúmọ́ mọ ohun tí ojú wa ń rí. Bẹ́ẹ̀ ohun tí mo lọ béèrè kò pọ̀: èló ni wọ́n ná sórí ìwé kíkà fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí, èdè wo ni wọ́n sì fi kọ àwọn ìwé náà? N kò ní dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ ọ̀hún. Ilẹ̀ Yorùbá ló wà, ìyẹn tó.

Mo ti ṣe olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó padà sí yunifásítì lọ ṣe máásítà. Ohun tí mò ń wádìí ni èdè tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹta, àti ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ẹ̀. Láti ọdún 1977 ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti sọ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Nígbà tó di 2022, ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí ìlànà mìíràn pé kí ó jẹ́ èdè abínibí fún odidi ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára létí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni fi owó tì í lẹ́yìn.

Ti ilé-ẹ̀kọ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Mo gba ìyọ̀ǹda, mo pín ìwé ìbéèrè, mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì, mo gba ohùn sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti ṣe ìwádìí rí ló mọ bí ìyẹn ṣe ń lọ. Kíláàsì kejì kan ni mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀. Iṣẹ́ Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe. Tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì, ó yíjú sí àwọn ọmọ, ó ní, “Ìyá Bọ́lá ra ọsàn méje, ó fún Bọ́lá ní mẹ́ta. Mélòó ló kù sínú igbá?” Gbogbo kíláàsì hó yèè, “Mẹ́rin!” Ó tún ìbéèrè kan náà kà jáde ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà nínú ìwé, kíláàsì sì dákẹ́. Ìwé ìṣirò tó wà lọ́wọ́ obìnrin yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni láti èèpo dé èèpo. Orí ara rẹ̀ ló fi ń tú u sí Yorùbá lójoojúmọ́, láìsí ìwé kankan tó ràn án lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ rí àkọsílẹ̀ owó. Mo fẹ́ kí á lè tọ́ka sí ìlà tí wọ́n ti ra ìwé tí ìlànà ṣèlérí, tàbí kí á lè sọ pé ìlà bẹ́ẹ̀ kò sí.

Òfin wà tó fún mi lágbára. Òfin Òmìnira Láti Gba Ìròyìn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní FOI, di òfin ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Ó sọ pé ọjọ́ méje ni ilé-iṣẹ́ ìjọba ní láti fi dá ẹni tó kọ̀wé béèrè lóhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí iṣẹ́ náà bá pọ̀. Bí àkókò bá kọjá tí wọn kò fèsì, a ó kà á sí pé wọ́n ti kọ̀, wọ́n sì lè torí ẹ̀ san ìtanràn 500,000 náírà bí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé kò tọ́. Mo kọ lẹ́tà mi sí káńsù, mo dárúkọ òfin náà sí i, mo ṣe ẹ̀dà méjì. Ọmọbìnrin tó wà ní rẹ́jísírì gbà á pẹ̀lú ẹ̀rín, ó lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi, ó kọ déètì sí i.

Nígbà tí ọjọ́ méje pé ni wàhálà dé. Wọ́n ní, “Fáìlì yín ti gòkè lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá.” Mo tún padà lọ, ọ̀gá ti sọ ọ́ kalẹ̀ sọ́dọ̀ akápò. Akápò ní kò dé ọ̀dọ̀ òun. Ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ní ọwọ́ akápò ló yẹ kó wà. Lọ́jọ́ mìíràn, alága rìnrìn-àjò, lẹ́tà tó bá sì ti jẹ mọ́ owó, àfi kí alága kọ́kọ́ fojú kàn án. Lọ́jọ́ tí alága dé, àlejò kún ọ́fíìsì rẹ̀ fọ́fọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ̀rọ̀ burúkú sí mi. Bí wọ́n bá tiẹ̀ bú mi, màá lè bú wọn padà. “Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ máa bínú, ẹ padà wá” ni wọ́n fi lé mi jáde nígbà gbogbo.

Ẹni tó mú inú bí mi jù ni ọkùnrin kan ní ẹ̀ka òfin wọn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ta ló rán yín wá? Ṣé àwọn ẹgbẹ́ kejì ni?” Mo ní, “Rárá o, sà, iṣẹ́ ìwé mi ni.” Ó ní kí n lọ gba lẹ́tà wá láti yunifásítì. Mo gbé e wá. Ó ní kí n lọ búra ní kóòtù pé n kò ní gbé e fún oníròyìn. Mo ṣí ìwé òfin náà fún un, mo fi ìka lé e: apá kìíní rẹ̀ sọ ní kedere pé ẹni tó ń béèrè kò ní láti ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ní òfin ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, kò kan ìpínlẹ̀ tàbí káńsù. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo ti ń retí. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti parí àríyànjiyàn yẹn ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, nínú ẹjọ́ kan tó ti Ìpínlẹ̀ Ẹdó wá: òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí. Mo ti tẹ ìròyìn ìdájọ́ náà, ó wà nínú báàgì mi. Ó kà á tán, ó ká a, ó dá a padà fún mi, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Bàbá àgbàlagbà kan ní rẹ́jísírì ló là mí lóye. Ó ti ń rí mi látọjọ́ yìí. Ó ní, “Ọmọ mi, jókòó. Owó tí o ń bi wọ́n yìí, kì í dé ibí.” Mo ní, “Báwo, Bàbá? Ṣé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ti káńsù mọ́ ni?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Òfin ìpìlẹ̀ 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà, ní apá 162, ló ní kí owó wọn láti Àbújá gba inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí joint account. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù àwọn tíṣà, kí ìyókù tó wá sí káńsù. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dájọ́ ní oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Níbi tí mo ti ṣèwádìí, ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń gbà. Owó ìwé kíkà tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004 ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀. Àjọ UBEC, tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀, ló ń pín in, ìpínlẹ̀ tó bá sì fẹ́ gba tirẹ̀ nínú owó ilé kíkọ́ àti àtúnṣe gbọ́dọ̀ mú iye kan náà wá láti àpò ara rẹ̀. SUBEB, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀, ló ń gba ìwé, tí wọ́n sì ń kó o fún akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé káńsù tí mo ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì yìí, kò sí ẹni tó ń ra ìwé kankan.

Wọ́n mọ̀! Akápò mọ̀, ọ̀gá ẹ̀ka òfin mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé kànga ti gbẹ, wọ́n sì ń wò mí bí mo ṣe ń ju okùn sí i. Bẹ́ẹ̀ òfin ti rí irú èyí tẹ́lẹ̀. Apá karùn-ún FOI fún ilé-iṣẹ́ tí lẹ́tà bá ṣì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láyè láti gbé e lọ fún ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an, láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kó má ju méje lọ, kí wọ́n sì kọ̀wé sọ fún ẹni tó béèrè. Ìlà méjì péré lórí ìwé ni, ìyẹn ni wọ́n fi dù mí.

Inú ìdúró yìí ni mo wà tí ìròyìn fi jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde ní Àbújá pé wọ́n ti fagi lé ìlànà èdè abínibí ti 2022. Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ìdí tí ó sọ ni pé ní àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù, àwọn ọmọ ń kùnà nínú WAEC, NECO àti JAMB. N kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025 ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìlànà náà ní 2022. Báwo ni ìlànà yẹn ṣe máa jẹ́ kó fìdí rẹmi? Àwọn kíláàsì tí mo sì jókòó sí, kò sí ibi tí wọ́n ti fún ìlànà náà ní ìwé, ká tó wá sọ pé ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

A ti dán èyí wò ní ilẹ̀ wa rí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kó àwọn ọmọ jọ ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ford Foundation fún wọn lówó. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ná owó sórí ohun tí wọ́n ní àwọn gbàgbọ́.

Mo kọ lẹ́tà tuntun sí SUBEB. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò béèrè “owó tí ẹ ná sórí ẹ̀kọ́”. Mo béèrè àkọsílẹ̀ ìwé kíkà tí wọ́n kó fún akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, ọdún wo sí ọdún wo, orúkọ ìwé, iye rẹ̀, èdè rẹ̀. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé bí kò bá sí lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n lo apá karùn-ún. Wọ́n fèsì kí àkókò tó pé. Owó fótókọ́pì nìkan ni mo san, òun náà sì ni òfin gbà.

Mo tẹ́ àkọsílẹ̀ náà sórí ibùsùn mi, mo fi ohun tí mo kọ ní kíláàsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, Ìṣirò wà, Sáyẹ́ǹsì wà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Ìwé Yorùbá tó wà, ti iṣẹ́ Yorùbá nìkan ni, kò sì kárí ọmọ. Kò sí ìlà kan tó fi hàn pé wọ́n ra ìwé ìṣirò tí wọ́n fi Yorùbá kọ, yálà kí 2022 tó dé tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo lọ wá nìyẹn, mo sì rí i, òǹtẹ̀ ìjọba wà lórí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n fi orí yẹn ṣáájú nínú ìwé mi. Inú mi dùn dọ́ba.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, kí ó kọ́kọ́ lọ kí akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ kí ó tó kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Òun ló ń fọwọ́ sí ìwé tó bá dé, ó sì mọ ibi tó ti wá. Kí ó tẹ apá kìíní àti ìkarùn-ún FOI mọ́ lẹ́tà rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba lẹ́tà yẹn kò tíì rí òfin náà rí. Bí wọ́n bá kọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún un láti gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ tàbí tí àkókò ìdáhùn kọjá. Déètì tó wà lórí òǹtẹ̀ ni wọn yóò fi mọ ìgbà tí àkókò ìdáhùn kọjá, nítorí náà kí ó má fi ẹ̀dà tirẹ̀ ṣeré. Bí àgbàlagbà kan bá sì wà ní rẹ́jísírì, kí ó kí i dáadáa.

Lẹ́tà mi mìíràn ti wà ní SUBEB báyìí. Mo béèrè àkọsílẹ̀ ti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tó kù ní ìpínlẹ̀ wa, láti 2022 di oṣù tí mínísítà sọ̀rọ̀.